Michael Faraday, Ọmọ Alágbẹ̀dẹ Newington

Bí ẹ bá wọ bọ́ọ̀sì 12 ní Camberwell Green, tí ẹ gba Walworth Road lọ, ẹ óò dé Elephant and Castle. Àpótí irin ńlá kan ń dán níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń kọjá lára rẹ̀ láì mọ̀ pé Michael Faraday ni wọ́n fi ń ṣèrántí. Ìtòsí ibẹ̀, ní Newington Butts, ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 22 oṣù kẹsàn-án, 1791.

Alágbẹ̀dẹ ni bàbá rẹ̀, àìsàn kì í sì í jẹ́ kó ráyè ṣiṣẹ́. Michael kò kàwé púpọ̀. Nígbà tó pé ọmọ ọdún 14, wọ́n fi í kọ́ iṣẹ́ ìwé dídì. Ọdún 7 ló lò lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, àmọ́ ìwé tó yẹ kó kàn dì, ńṣe ló ń kà á. Ní 1812, wọ́n fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì láti lọ gbọ́ àsọyé Humphry Davy ní Royal Institution. Ó kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀, ó dì í ní ìwé, ó fi ránṣẹ́ sí Davy. Ní 1813, Davy gbà á síṣẹ́. (Ọ̀gá yìí kan náà ló tún takò ó nígbà tí wọ́n fẹ́ gbà á sí Royal Society ní 1824.)

Ẹ ti lè gbọ́ nípa 1831, nígbà tó rí i pé bí mágínẹ́ẹ̀tì bá ń wọlé-jáde nínú wáyà tí a ká jọ, iná mànàmáná á ṣàn. Lórí ìyẹn ni jẹnẹrétọ̀ dúró, títí kan èyí tó ń pariwo lẹ́yìnkùlé màmá àgbà yín ní Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ti 1833 ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀.

Davy ti fi hàn pé bí irin tàbí bàbà bá ṣe ń gbóná tó, bẹ́ẹ̀ ni iná ṣe ń nira láti gbà á kọjá. Faraday wá gbé àtùpà sábẹ́ àdàpọ̀ fàdákà àti imí ọjọ́, irú ohun dúdú tó máa ń bo yẹtí fàdákà tó ti pẹ́. Bí ó ti ń gbóná ni iná ń kọjá sí i. Ó mú àtùpà kúrò, iná dínkù. Ẹlòmíràn ì bá ní ọwọ́ òun ló ṣì. Faraday kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sílẹ̀ gẹ́lẹ́. Àkọsílẹ̀ tó fi nọ́ńbà sí báyìí láyé rẹ̀ lé ní 16,000.

Irú nǹkan bẹ́ẹ̀, tí ooru ń ṣí ọ̀nà fún iná nínú rẹ̀, la fi ń ṣe transistor, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1947. Lónìí, kí ẹni tó ń ṣe rédíò tó so wáyà kankan, á ti dán an wò lórí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú ètò bíi SPICE. Kọ̀ǹpútà kò mọ transistor. Àwòṣe là ń fún un, ìyẹn àwọn nọ́ńbà tó dúró fún un. Bí àwòṣe náà kò bá ka ooru kún bó ṣe yẹ, kọ̀ǹpútà á ní kò séwu, ṣùgbọ́n lórí tábìlì, transistor á gbóná, iná á pọ̀ sí i, á tún gbóná sí i, títí á fi jó. Orúkọ nìkan kò sì tó: BC547 kan lè sọ iná kékeré di ìlọ́po 110, òmíràn á sún mọ́ 800. Ẹni tó ń wá àwòṣe tó péye ní láti wọn èyí tó wà lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀, kó fi wé ohun tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é kọ.

Wọ́n fẹ́ fi Faraday joyè Sir, ó kọ̀. Ó kú ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ, 1867, ní Hampton Court, nínú ilé tí Ọbabìnrin Victoria yọ̀ǹda fún un. Highgate ni wọ́n sin ín sí.