Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, àti Ohun tí Ọlọ́run Fi sí Ìkáwọ́ Ènìyàn

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwa ọmọ Yorùbá, yálà a wà nílé tàbí a wà níhìn-ín ní Zaria. Bí nǹkan bá bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́, a ó ní bí a ti yàn án fún wa nìyẹn. Oníṣòwò tí ó ná owó olówó tán a máa di ẹ̀bi ru orí rẹ̀. Akọ̀wé ìjọba tí ó gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀ a máa ní bí ayé ti rí nìyẹn. Bí ẹnìkan bá wà tí ìbá lè di ohun gbogbo ru àyànmọ́, Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther ni. Nítorí náà ni ó ṣe yẹ kí a gbé ìtàn rẹ̀ yẹ̀ wò.

A bí Àjàyí ní Òṣogùn, ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, ní nǹkan bí ọdún 1807. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ọdún 1821 ni ogun ká ìlú náà mọ́. Bàbá rẹ̀ sáré wá kìlọ̀ fún wọn nílé, ó sì padà lọ sójú ìjà; Àjàyí kò rí i mọ́. Wọ́n mú ọmọ náà pẹ̀lú ìyá rẹ̀, àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin méjì àti ọmọ ẹbí wọn kan, wọ́n fi okùn dè wọ́n lọ. Ní Ìsẹ́yìn, wọ́n pín àwọn ẹrú, wọ́n sì fi Àjàyí pààrọ̀ ẹṣin. Láti ọwọ́ olówó kan dé ọwọ́ òmíràn ni wọ́n ń tà á, títí ó fi di ti àwọn Potogí ní Èkó, níbi tí wọ́n ti fi ẹ̀wọ̀n de ọrùn àgbà àti ọmọdé pọ̀. Ní ọjọ́ 7 oṣù April, 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí à ń pè ní Myrmidon mú ọkọ̀ tí wọ́n kó wọn sí lójú òkun, a sì kó àwọn ẹrú náà lọ sí Sàró. Nínú gbogbo èyí, kò sí ẹni tí ó bi Àjàyí léèrè ohun tí ó fẹ́.

Ní ọdún 1837, nígbà tí ó ti di olùkọ́ ní Sàró, Crowther kọ ìwé sí Ẹgbẹ́ C.M.S. ní London, ó ròyìn bí wọ́n ti kó o lẹ́rú. Ó sọ ohun kan nínú ìwé náà tí ìbá ti fi pamọ́. Nígbà tí ìbẹ̀rù àwọn Potogí mú un, ó gbìyànjú ní ọ̀pọ̀ òru láti fi ọ̀já rẹ̀ fún ara rẹ̀ lọ́rùn pa, ṣùgbọ́n kò ní ìgboyà tó láti fa okùn náà le. Kò di ọ̀ràn yìí ru àwọn tí ó kó o. Ó pè é ní ẹ̀ṣẹ̀ ti ara rẹ̀, ó sì bẹ Olúwa kí ó dárí rẹ̀ ji òun.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí. Ta ni yóò gbọ́ ìtàn yìí tí yóò dá ọmọ náà lẹ́bi? Ṣùgbọ́n Crowther ya nǹkan méjì sọ́tọ̀: ohun tí a ṣe sí i, àti ohun tí òun fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Èkíní kò sí ní ìkáwọ́ rẹ̀. Èkejì, ó gbà pé ti òun ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹrú ni òun.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni a dá sílẹ̀ ní Sàró bíi tirẹ̀, ilẹ̀ kan náà ni gbogbo wọn tẹ̀. Àjàyí tọrọ eépìnnì kan, ó fi ra ìwé A B D. Kò pé oṣù mẹ́fà tí ó fi ń ka Májẹ̀mú Titun. Ó wá rí i pé oko ẹrú mìíràn wà tí ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, èyí ni ti ẹ̀ṣẹ̀, a sì ṣe ìrìbọmi fún un ní ọjọ́ 11 oṣù December, 1825. Ní ọdún 1827 ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay.

Lẹ́yìn tí a fi í joyè àlùfáà ní London ní ọdún 1843, ó lè jókòó sí Sàró jẹ́jẹ́. Ó yàn láti padà sí ilẹ̀ tí a ti tà á. Ní Abẹ́òkúta, ní ọdún 1846, ó rí Àfàlá ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ṣùgbọ́n ọmọ kò lè gba Kristi gbọ́ fún ìyá rẹ̀. Ìyá náà gbọ́ ẹ̀kọ́, ó gbà á fúnra rẹ̀, a sì ṣe ìrìbọmi fún un ní oṣù February, 1848, ó di Hannah. Crowther ṣiṣẹ́ takuntakun lórí Bíbélì Yorùbá tí à ń kà lónìí, ó kọ ìwé lórí èdè Núpé pẹ̀lú, ó sì di bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury ní ọjọ́ 29 oṣù June, 1864, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ nínú ìjọ Áńgílíkà.

Ìdánwò rẹ̀ tí ó le jù lọ dé ní ọjọ́ ogbó. Ní oṣù August, 1890, ní Onitsha, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì Òyìnbó dojú kọ ọ́ nínú ìgbìmọ̀, wọ́n dá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró, títí kan Dandeson ọmọ rẹ̀. Òtítọ́ ni pé àwọn kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà ti hùwà tí kò yẹ. Ṣùgbọ́n wọ́n da aláìṣẹ̀ pọ̀ mọ́ ẹlẹ́ṣẹ̀. Crowther kọ̀wé fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi ìjọ sílẹ̀. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù December, 1891, Òyìnbó ni wọ́n sì fi rọ́pò rẹ̀.

Kò sí ẹnikẹ́ni nínú àwọn tí ó ṣẹ̀ ẹ́ tí ó wà láàyè mọ́ ní ọdún 2014, nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ti Canterbury tọrọ àforíjì ní gbangba fún ohun tí ìjọ ṣe sí i. Ìjọ náà kò sọ pé bí ayé ti rí nígbà náà nìyẹn. Ó gbà pé ẹ̀ṣẹ̀ òun ni.

Ẹ̀yin ará, a kì í ṣe ẹrú ní Zaria yìí. Ọ̀pọ̀ nǹkan ni kò sí lọ́wọ́ wa: iye tí ọjà ń wọ́n, ibi tí ìjọba gbé wa lọ, ìlú tí a kì í ṣe onílẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n tí oníṣòwò gbé kalẹ̀ ní Sábon Gàrí, ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi gbé e. Ìwé tí akọ̀wé fi pamọ́ sínú àpótí títí ẹlẹ́jọ́ yóò fi mú owó wá, òun ni ó ti àpótí náà. Ọkùnrin tí kò fi owó oúnjẹ ránṣẹ́ sí ìyàwó rẹ̀ nílé nítorí pé ojú kò tó o níhìn-ín, òun fúnra rẹ̀ ni ó pinnu bẹ́ẹ̀. Oore-ọ̀fẹ́ Olúwa tó láti dárí jì wá, ó sì tó láti yí wa padà, ṣùgbọ́n ẹni tí kò pe ẹ̀ṣẹ̀ ní tirẹ̀, kí ni yóò gbé wá síwájú Ọlọ́run fún ìdáríjì?

Kí Olúwa ràn wá lọ́wọ́ láti dáhùn fún ohun tí ó jẹ́ tiwa. Àmín.