Padre Antonio ti Èkó



Nígbà tí ẹ bá gbọ́ tí àwọn àgbà ìlú yìí ń pe ìjọ wa ní Ìjọ Àgùdà, ẹ má ṣe rò pé orúkọ lásán ni. Àgùdà ni àwọn baba wa ń pe àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú lọ sí Brazil, tí wọ́n gba ìrìbọmi níbẹ̀, tí wọ́n sì padà wálé nígbà tí wọ́n di òmìnira. Púpọ̀ nínú wọn tẹ̀dó sí Èkó. Wọ́n mú iṣẹ́ bíríkìlà àti iṣẹ́ káfíńtà bọ̀, wọ́n sì mú rósárì bọ̀ pẹ̀lú. Àlùfáà nìkan ni wọn kò rí mú bọ̀.

Ọkùnrin kan wà láàárín wọn tí à ń pè ní Antonio. Ẹrú ni òun náà rí. Òun ni ó kó wọn jọ, tí ó kọ́ ilé àdúrà kékeré kan, tí ó ń kọ́ wọn ní katikísímù, tí ó ń ṣe ìrìbọmi fún àwọn ọmọ wọn, tí ó sì ń dúró ti ẹni tí ikú bá dé bá. Àwọn ènìyàn ń pè é ní Padre, èyí tí í ṣe Baba, bí àwọn Potogí ti ń pe Àlùfáà.

Ṣùgbọ́n kò gba oyè Àlùfáà. Kò lè rú ẹbọ Mísà, kò sì lè gbọ́ ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti àwọn abúlé oko Ìbàràpá wá mọ bí ọjọ́ Ìsinmi ti í rí nígbà tí Fadá kò bá lè dé, tí olùkọ́ katikísímù sì darí àdúrà tán tí olúkúlùkù lọ sí ilé rẹ̀. Ní Èkó, ọ̀pọ̀ ọdún ni ó rí bẹ́ẹ̀. Mo rò pé èyí ni ó wúwo jù nínú ẹrù Antonio: kí ó jókòó ti ẹni tí ń kú lọ, kí ó sì mọ̀ pé ohun tí ẹni náà ń fẹ́ kò sí lọ́wọ́ òun.

Kì í ṣe pé a gbàgbé wọn. Ní ọdún 1856 ni Bíṣọ́ọ̀bù de Marion Brésillac dá ẹgbẹ́ àwọn Fadá S.M.A. sílẹ̀ ní Lyon, ní ilẹ̀ Faransé. Ní ọdún 1859 ó gúnlẹ̀ sí Freetown; kí ọ̀sẹ̀ méje tó pé, ibà ti pa á. Ní ọdún 1861 ni Fadá Borghero dé Ouidah ní Dahomey, ní ọdún 1863 ni ó sì bẹ Èkó wò. Agbo tí ó ti wà ní ìdúró ni ó bá. Ó padà lọ, wọ́n sì tún dúró.

Ní ọdún 1868 ni Fadá Bouche wá láti máa gbé láàárín wọn. Ẹ rò ó wò, ará: ẹni tí gbogbo ìjọ ti ń pè ní Padre láti ìgbà pípẹ́, àlejò kan dé tí ó ni oyè náà ní tòótọ́. Ìjọ mìíràn ti fọ́ sí méjì nítorí ohun tí kò tó bẹ́ẹ̀. Antonio fi àwọn ènìyàn náà lé Àlùfáà lọ́wọ́, ó sì di olùrànlọ́wọ́ rẹ̀.

Wọn kò gba orúkọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Padre Antonio ni ìtàn Ìjọ ní Nàìjíríà ṣì ń pè é.