Sørensen, Ọmọ Àgbẹ̀ Tó Fún Wa Ní pH



Nínú ìdánwò kẹ́mísìrì tá a ṣe kọjá, wọ́n ní pH sodium hydroxide kan jẹ́ 13, ká wá concentration rẹ̀. Èmi kọ 10⁻¹³. Òdo ni mo gbà! Ó dùn mí, ni mo bá lọ wádìí ẹni tó gbé pH yìí kalẹ̀.

Søren Sørensen lorúkọ rẹ̀. Ọmọ àgbẹ̀ ni, wọ́n bí i ní Denmark lọ́dún 1868. Iṣẹ́ dókítà ló fẹ́ kọ́ ní yunifásítì Copenhagen, àmọ́ kẹ́mísìrì wọ̀ ọ́ lọ́kàn, ló bá yà síbẹ̀. Lọ́dún 1901, ó di ọ̀gá ẹ̀ka kẹ́mísìrì ní ilé ìwádìí Carlsberg, tí àwọn tó ń pọn bíà dá sílẹ̀. Bó ṣe ń wádìí ẹ́ńsáìmù, ó rí i pé iṣẹ́ wọn ń yí pa dà bí ásíìdì inú omi bá ṣe pọ̀ tó. Ṣùgbọ́n iye hydrogen ion inú omi kéré jọjọ, òdo rẹpẹtẹ lèèyàn á kọ. Lọ́dún 1909, ó gbé pH jáde, kí nọ́ńbà kékeré kan lè dúró fún gbogbo òdo yẹn. Margrethe, ìyàwó rẹ̀, bá a ṣe nínú iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀. Sørensen kú lọ́dún 1939.

Ibí ni mo ti ṣì í: hydrogen ion ni pH ń kà, kì í ṣe hydroxide. Ẹ yọ 13 kúrò nínú 14, ó ku 1. Hydroxide jẹ́ 10⁻¹, ìyẹn 0.1 mol/dm³. Nítorí pé sodium hydroxide máa ń tú pátápátá nínú omi, òun náà ni concentration rẹ̀. Ká ní pH jẹ́ 12 ni, 0.01 ni ì bá jẹ́. Ẹ ò rí i? Ìṣísẹ̀ kan péré, ìlọ́po mẹ́wàá ni.

Màmá Àgbà mi ní Oǹdó máa ń fi eérú èèpo kòkó ṣe ọṣẹ dúdú. Ìka ni wọ́n fi ń tọ́ omi eérú náà wò, ìka ọ̀hún sì ti ń bó. Omi eérú ò lágbára tó sodium hydroxide, ìṣirò òkè yẹn ò bá a mu. Ṣùgbọ́n bébà pH á sọ bó ṣe mú tó. Tí mo bá ń kúrò ní Àkúrẹ́ lọ́lídé yìí, màá mú díẹ̀ dání fún wọn. Kí ìka wọn sinmi.