Ọ̀jọ̀gbọ́n Aliu Babátúndé Fáfúnwá àti Ìwúlò Eré Ọmọdé fún Ẹ̀kọ́ Kọ̀ǹpútà

Ìlú Èkó ni a bí Aliu Babátúndé Fáfúnwá sí ní ọjọ́ 23, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1923. Ó kàwé ní Amẹ́ríkà, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ẹ̀kọ́ ní New York University ní ọdún 1955. Ó ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Nàìjíríà, Nsukka, kí ó tó lọ sí Yunifásítì Ifẹ̀, tí a ń pè ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lónìí.

Ifẹ̀ ni ó ti ṣe iṣẹ́ tí a fi ń rántí rẹ̀ jù lọ. Ní ọdún 1970, òun àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà kan. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì láti kíláàsì kìn-ín-ní títí dé ìkẹfà; olùkọ́ tí ó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú ni ó ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n yẹ iṣẹ́ wọn wò, àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ wọn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ta wọ́n yọ nínú iṣẹ́ yòókù.

Nínú ìwé tí ó kọ lórí ìtàn ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà ní ọdún 1974, Fáfúnwá fi hàn pé a ti ń kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́ kí ilé-ìwé tó dé. Kọ̀ǹpútà kò tíì wọ kíláàsì ọmọdé nígbà náà, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó là wúlò fún un.

Ẹ jẹ́ kí a wo ayò, eré tí ó ní ihò 12 àti ọmọ 48. Ọ̀tayò yóò kó ọmọ inú ihò kan, yóò máa fi wọ́n sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí wọn yóò fi tán. Bí èyí tí ó kẹ́yìn bá sọ ihò ẹnìkejì di méjì tàbí mẹ́ta, yóò jẹ ẹ́. Títẹ̀lé àṣẹ ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, àṣetúnṣe àti yíyẹ ipò wò kí a tó ṣe ìpinnu: àwọn wọ̀nyí gan-an ni a fi ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà. Bákan náà, olùkọ́ tí kò ní kọ̀ǹpútà ní Lotto tàbí Ìfọ̀, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, lè fi ṣọ́ọ̀kì fa ojú ọ̀nà sí ilẹ̀ kíláàsì. Ọmọ kan yóò ṣe bí kọ̀ǹpútà, èkejì yóò máa pàṣẹ fún un pé kí ó gbé ẹsẹ̀ méjì síwájú, kí ó yà sí ọ̀tún. Bí ó bá ṣìnà, gbogbo kíláàsì yóò wá àṣẹ tí kò tọ́, wọn yóò sì tún un ṣe.

Fáfúnwá ṣe mínísítà ètò ẹ̀kọ́ títí di ọdún 1992. Ó papò dà ní ọjọ́ 11, oṣù Kẹwàá, ọdún 2010. Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí fífi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2025, wọ́n wọ́gi lé e. Ìpinnu yìí kò yí ohun tí a rí ní Ifẹ̀ padà. Ọmọ tí ó lè fi èdè rẹ̀ ṣàlàyé ibi tí àṣẹ kan ti wọ́ ti ní ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà lọ́wọ́.