Ọ̀gágun Akinwálé Wey, Olórí Ọmọ-Ogun Ojú Omi Nígbà Ogun Abẹ́lé

Ẹ̀yin ará Ìkirè àti Àpòmù, òkun jìnnà sí wa, ṣùgbọ́n ogun abẹ́lé kò ṣàjèjì sí wa. Ọjà Àpòmù ni aáwọ̀ lórí ataare ti ran Ogun Òwu ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ìdí nìyí tí a fi mú ìtàn Joseph Edet Akinwálé Wey wá fún yín.

Ìlú Kàlàbá ni a bí i sí ní ọdún 1918. Ẹ̀jẹ̀ Ẹ̀fìkì àti ti Yorùbá ló pàdé lára rẹ̀. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi ni ó kọ́. Ní 1964, òun ni ó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ olórí ọmọ-ogun ojú omi.

Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní 1967, abẹ́ àṣẹ rẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ ogun ti dí ọ̀nà òkun tó wọ ìlà-oòrùn. Ní oṣù Keje, wọ́n kó ọmọ-ogun gúnlẹ̀ sí Bonny. Ní oṣù Kẹwàá, ó kan Kàlàbá, ìlú tí a ti bí i. Ọ̀nà tí a dí kò jẹ́ kí ohun ìjà wọlé fàlàlà, bẹ́ẹ̀ ni kò jẹ́ kí oúnjẹ wọlé tó. Ebi pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọdé kí ogun tó parí ní oṣù Kìíní 1970.

Wey fẹ̀yìn tì ní 1975, ó sì kú ní 1991. Akọni ni, ṣùgbọ́n a kò lè ka ìṣẹ́gun rẹ̀ kí a gbàgbé ẹkún àwọn ìyá. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́: bí aáwọ̀ bá ṣẹlẹ̀ láàrin wa, ẹ jẹ́ kí a tètè parí rẹ̀.