Charlie Sifford: Ẹni Tí Òjò Àrọ̀kúrò Rọ̀ Sí Oko Rẹ̀

Kò sí àgbẹ̀ kan ní Olódò àti ní àwọn abúlé oko tí ó yí i ká ní Lágelú àti Ẹgbẹ́dá tí kò mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín òjò àkọ́rọ̀ àti òjò àrọ̀kúrò. Àkọ́rọ̀ ni à ń retí kí a tó gbin àgbàdo àkọ́kọ́ lọ́dún. Bí ọ̀dá bá sì ba ti àkọ́kọ́ jẹ́, àgbẹ̀ tí ó gbọ́n kì í jẹ irúgbìn rẹ̀ tán. A kó díẹ̀ pamọ́, a sì máa wo ojú ọ̀run, nítorí ó mọ̀ pé bí òjò ìparí ọdún bá rọ̀, oko ṣì lè so. Àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni Jákọ́bù Àpọ́sítélì fi ṣe àpẹẹrẹ sùúrù fún ìjọ.

Ọkùnrin tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lónìí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa, kò sì di ọkọ́ mú rí kí á tó mọ orúkọ rẹ̀. Charlie Sifford ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ènìyàn dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ẹni tí ó fi gbígbá gọ́ọ̀fù ṣe iṣẹ́ òòjọ́. Àwọn ènìyàn ẹlẹ́ran ara bí tirẹ̀ ni wọ́n dí ọ̀nà òjò àkọ́rọ̀ mọ́ ọn. Síbẹ̀ ó pa irúgbìn rẹ̀ mọ́, àrọ̀kúrò sì bá a lórí oko.

Kí ọ̀rọ̀ wa lè yé gbogbo wa, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ sọ bí eré náà ti rí. Àwọn tí ó mọ Oníreke ní Ìbàdàn, tàbí tí wọ́n ti wọ inú ọgbà IITA lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, ti lè rí pápá gọ́ọ̀fù pẹ̀lú koríko rẹ̀ tí a gé mọ́lẹ̀ bí ẹní. Ọ̀pá ni a fi ń lu bọ́ọ̀lù kékeré kan láti ibi jíjìn títí yóò fi bọ́ sínú ihò. Ihò 18 ni à ń gbá tẹ̀ léra, ẹni tí ó bá sì lu bọ́ọ̀lù níwọ̀n ìgbà tí ó kéré jù lọ ni ó borí. Nítorí pé kò sí eré sísá nínú rẹ̀, ọjọ́ orí kì í tètè lé ènìyàn kúrò níbẹ̀. Ìdí nìyí tí ìdíje ọ̀tọ̀ fi wà fún àwọn àgbà tí wọ́n ti pé 50 ọdún. Ibẹ̀ ni ìtàn wa yóò gúnlẹ̀ sí.

Ọjọ́ kejì oṣù kẹfà ọdún 1922 ni a bí Sifford ní ìlú Charlotte, ní ìpínlẹ̀ North Carolina. Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún 10, ó bẹ̀rẹ̀ sí i bá àwọn òyìnbó ru àpò ọ̀pá gọ́ọ̀fù. Sẹ́ǹtì 60 ni owó iṣẹ́ rẹ̀ lójúmọ́. A kó 50 fún ìyá rẹ̀, a sì fi 10 ra sìgá ńlá tí kò kúrò lẹ́nu rẹ̀ títí ó fi darúgbó. Ibi tí ó ti ń ru àpò náà ni ó ti ń fi ojú kọ́ṣẹ́. Kò tí ì pé ọmọ ọdún 15 tí ó fi ń gbá a dáadáa ju ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ń bá ru àpò lọ. Ní ọmọ ọdún 17 ó fi ìlú rẹ̀ sílẹ̀ lọ sí Philadelphia, níbi tí pápá gọ́ọ̀fù ìjọba kan ti ń gba ènìyàn dúdú láàyè. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì dé, ó wọ iṣẹ́ ológun, ó sì dé Okinawa ní ilẹ̀ Japan. Ó padà wálé láìfarapa, ó sì pinnu pé gọ́ọ̀fù ni òun yóò máa fi jẹun.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn wà ní títì. Láti ọdún 1934 ni PGA, ẹgbẹ́ àwọn tí ó fi gọ́ọ̀fù ṣe iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ti kọ ọ́ sínú òfin wọn pé aláwọ̀ funfun nìkan ni ó lè jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́. Àwọn ènìyàn dúdú dá ìdíje tiwọn sílẹ̀, owó kékeré ni ó sì wà níbẹ̀. Sifford gba ife ẹ̀yẹ tí ó ga jù lọ láàárín wọn ní ìgbà 6, márùn-ún nínú rẹ̀ ní àtẹ̀léra láti 1952 sí 1956. Èyí kò tó láti bọ́ ìdílé. Nítorí náà ó di awakọ̀ àti ìránṣẹ́ fún Billy Eckstine, olórin ńlá ìgbà náà, ó sì ń kọ́ ọ ní gọ́ọ̀fù pẹ̀lú.

Ní àkókò yìí ni ó bá Jackie Robinson pàdé, ẹni tí ó kọ́kọ́ wọ ìdíje ńlá bọ́ọ̀lù alápàá ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ọdún 1947 gẹ́gẹ́ bí ènìyàn dúdú. Robinson bi í bóyá ó jẹ́ ẹni tí máa ń já iṣẹ́ sílẹ̀ láàárín ọ̀nà, ó sì kìlọ̀ fún un pé ojú rẹ̀ yóò rí màbo. Sifford dáhùn pé òun kì í ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ojú rẹ̀ sì rí i. Ní ọdún 1952, ìdíje kan ní ìlú Phoenix gba òun àti àwọn ènìyàn dúdú mélòó kan láàyè láti gbá. Nígbà tí wọ́n dé ihò kìíní, wọ́n rí i pé ẹnìkan ti fi ìgbọ̀nsẹ̀ ènìyàn kún inú rẹ̀. Wọ́n dúró títí a fi pààrọ̀ ihò náà, wọ́n sì gbá eré wọn lọ. Ní ọdún 1961, ó di ẹni dúdú àkọ́kọ́ tí ó kópa nínú ìdíje PGA ní ìhà gúúsù Amẹ́ríkà, ní Greensboro, ní ìpínlẹ̀ tí a gbé bí i. Ọjọ́ kìíní ni ó ti ṣíwájú gbogbo wọn. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ẹnìkan tí kò dárúkọ pè é lórí tẹlifóònù pé bí ó bá tún wá, ikú ni yóò fi ṣe ìfà jẹ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ó gbé ọ̀pá rẹ̀, ó sì lọ. Àwọn kan ń tẹ̀ lé e láti ihò dé ihò, wọ́n ń bú u. Síbẹ̀ ipò kẹrin ni ó wà nígbà tí ìdíje náà parí.

Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn gan-an ni PGA yọ òfin náà kúrò. Kì í ṣe pé ọkàn wọn rọ̀ lásán. Stanley Mosk, tí ó jẹ́ agbẹjọ́rò àgbà fún ìpínlẹ̀ California, ti fi dá wọn lójú pé òun kò ní gbà kí wọ́n lo pápá ìjọba fún ìdíje tí ó ń ya ènìyàn sọ́tọ̀. Sifford ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 40 ọdún. Ẹ̀yin ará, ẹ rò ó wò: ọjọ́ orí tí àwọn ẹlòmíràn ti kórè tán ni òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ilẹ̀ gbà.

Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò yóò pe baba. Ní ọdún 1967, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 45, ó borí ní ìdíje Hartford. Ní ọdún 1969, ó borí ní Los Angeles lẹ́yìn tí òun àti Harold Henning láti South Africa ti jọ parí ní ọgbọọgba, tí wọ́n sì tún gbá àfikún. Síbẹ̀ ilẹ̀kùn kan kò ṣí fún un títí ó fi kú: ìdíje Masters ní ìlú Augusta, tí ó lókìkí jù lọ ní Amẹ́ríkà, kò ránṣẹ́ pè é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti wá gbá. Ọdún 1975 ni ẹni dúdú àkọ́kọ́, Lee Elder, tó gbá níbẹ̀. Elder yìí kan náà ni ó ti wá sí ilẹ̀ wa ní ọdún 1971, tí ó sì gba ife ìdíje gọ́ọ̀fù Nàìjíríà. Ọ̀nà tí Sifford fi ara gbọgbẹ́ là ni ó tọ̀.

Ìgbà tí Sifford kọjá 50 ọdún ni àrọ̀kúrò bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀. Ní ọdún 1975, ó gba ife ẹ̀yẹ PGA ti àwọn àgbà. Ní ọdún náà pẹ̀lú ni ó gba iṣẹ́ olùkọ́ gọ́ọ̀fù ní pápá kan ní ìpínlẹ̀ Ohio, ó sì ṣe é fún ọdún 13. Nígbà tí a dá ìdíje káàkiri ti àwọn àgbà sílẹ̀ ní ọdún 1980, ó wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gbá a, ó sì borí ní Suntree, ní ìpínlẹ̀ Florida. Ọmọ ọdún 58 ni nígbà náà. Láti ìgbà náà lọ, ó ń tẹ̀ lé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láti ìlú dé ìlú. Owó tí ó rí níbi ìdíje àwọn àgbà ju ìlọ́po méjì èyí tí ó rí ní gbogbo ọdún tí ó fi bá àwọn ọ̀dọ́ du ìdíje lọ.

Ọlá náà kò dúró síbẹ̀. Ní ọdún 2004, ó di ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tí a kọ orúkọ rẹ̀ sínú Ilé Ògo Gọ́ọ̀fù Àgbáyé. Ní 2006, Yunifásítì St Andrews ní Scotland, ìlú tí a kà sí orírun gọ́ọ̀fù, fi oyè ọ̀mọ̀wé dá a lọ́lá. Tiger Woods, ẹni tí ó gba Masters ní 1997, tí ó sì máa ń pe Sifford ní bàbá àgbà òun, sọ ọmọkùnrin tí a bí fún un ní 2009 ní Charlie ní ìrántí rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2014, Ààrẹ Barack Obama fi àmì ẹ̀yẹ tí ó ga jù lọ fún ará ìlú sí i lọ́rùn. Kò ju oṣù mẹ́ta lọ lẹ́yìn èyí, ní ọjọ́ kẹta oṣù kejì ọdún 2015, ni ó jáde láyé ní Ohio, ní ẹni ọdún 92.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí á fi ìtàn yìí tan ara wa. Sifford kò fi ẹ̀rín músẹ́ gba gbogbo ìyà náà. Ó máa ń bínú, ó máa ń ráhùn, ó sì kọ ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ sínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1992. Kò sí ife ẹ̀yẹ àgbà kan tí ó lè dá ogún ọdún tí agbára wà lára rẹ̀ padà fún un. Bí àrọ̀kúrò bá rọ̀, àánú Ọlọ́run ni; kò sọ ẹni tí ó dí àkọ́rọ̀ mọ́ ọmọnìkejì rẹ̀ di aláìlẹ́ṣẹ̀.

Nítorí náà ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ yìí kọjú sí. Ẹ̀yin bàbá àti ìyá nínú ìjọ, tí ẹ rò pé ìgbà ti lọ nítorí pé irun ti funfun, ẹ má ṣe jẹ irúgbìn yín tán. Ẹ lè kọ́ ọmọ kan níṣẹ́, ẹ lè kọ́ ẹgbẹ́ akọrin, ẹ sì lè gbin oko kan sí i. Ẹ̀yin alùfáà àti ẹ̀yin alàgbà, ẹ jẹ́ kí á yẹ ilẹ̀kùn tiwa wò. Ta ni ó ń dúró níta nítorí ìlú tí ó ti wá, nítorí aṣọ tí ó wọ̀, tàbí nítorí pé kò ní ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ fún un? Bí ìjọ bá ń gbàdúrà fún òjò, kí ọwọ́ ìjọ má ṣe jẹ́ ọwọ́ tí ó di ojú ọ̀run mọ́ ẹlòmíràn.

Kí Ọlọ́run tí ó ni òjò méjèèjì rọ̀ ọ́ sí oko gbogbo wa ní àkókò rẹ̀. Àmín.