Ààfáà Tó Ń Yá Aráyé Níwèé: Ìgbésí Ayé Muhammad Baghayogho ti Timbuktu

Lóṣù yìí, a fẹ́ sọ ìtàn ààfáà ńlá kan tí òkìkí rẹ̀ kàn láàrin àwọn onímọ̀ ilẹ̀ adúláwọ̀. Kò sí ìjọba tó yàn án sípò olùtọ́jú ilé ìkàwé, síbẹ̀ iṣẹ́ náà gan-an ló ṣe, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Bí ẹnì kan bá ń bèèrè ohun tó pa àwa ará Abẹ́òkúta pọ̀ mọ́ ààfáà ilẹ̀ Mali, kó rántí pé ìmàle ni àwọn baba wa ń pe Mùsùlùmí. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé lára orúkọ Mali ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde. Àwọn oníṣòwò Wangara wà lára àwọn tó gbé ẹ̀sìn yìí kiri ìhà ọ̀dọ̀ wa. Sheikh Adam Abdullah al-Ilori, tó dá Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta yìí lọ́dún 1952 kó tó gbé e lọ sí Agége ní 1955, fi orúkọ Wangara pe odindi ìgbà kan nínú ìtàn èdè Lárúbáwá ní Nàìjíríà. Ọmọ Wangara ni Muhammad Baghayogho.

Ìlú Djenné ni wọ́n bí i sí, lọ́dún 930 lẹ́yìn Hijira, èyí tó bọ́ sí 1523 sí 1524. Adájọ́ sàríà ni bàbá rẹ̀. Ọ̀dọ̀ bàbá yìí àti mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kan ló ti kọ́kọ́ kéwú, kí òun àti Ahmad ọmọ ìyá rẹ̀ tó lọ wá ìmọ̀ kún ìmọ̀ ní Timbuktu. Wọ́n lọ sí hájì, wọ́n bá àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Íjíbítì pàdé, wọ́n sì padà wálé. Baghayogho wá di lèmọ́mù mọ́ṣáláṣí Sidi Yahya. Ọba Songhay fẹ́ kó wá ṣe adájọ́ ní olú-ìlú òun, ṣùgbọ́n kò gbà. Iṣẹ́ olùkọ́ ló yàn láàyò.

Ahmad Baba, tó kọ́ ìmọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ ju ọdún mẹ́wàá lọ, ló kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n bá ti kírun àsùbáà tán ni bàbá yìí ti ń kọ́ni, títí oòrùn á fi ga. Yóò wọlé lọ kí nọ́fílà, yóò sì jáde lọ parí ìjà láàrin àwọn tó ń jà. Láti àìlà di alásáárì, ẹ̀kọ́ ni. Láti alásáárì di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀kọ́ ni. Láàrin mọ̀gáríbì àti ìṣáì, mọ́ṣáláṣí ni wọ́n ti ń bá a, ẹ̀kọ́ náà ni. Ẹni tí orí rẹ̀ kò tètè gba nǹkan, òun gan-an ló máa ń fi sùúrù jókòó tì, títí á fi sú àwọn tó kù, kò sì ní sú òun. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tiẹ̀ sọ pé ó ní láti jẹ́ pé omi Zamzam ni bàbá yìí mu kí iṣẹ́ olùkọ́ má baà rẹ̀ ẹ́.

Ibi tó ya ènìyàn lẹ́nu jù ni ọ̀rọ̀ ìwé rẹ̀. Nígbà náà, kò sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní Timbuktu. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń da ìwé kọ, òkè òkun ni púpọ̀ nínú tákàdá sì ti ń wá, lórí ràkúnmí, la aṣálẹ̀ kọjá. Leo Africanus, tó dé ìlú náà ní nǹkan bí ọdún 1510, kọ ọ́ pé èrè tó wà nínú títa ìwé ju ti gbogbo ọjà yòókù lọ. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni Baghayogho ń rà, tó sì ń dà kọ, nítorí ó fẹ́ràn ìwé púpọ̀. Síbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ̀ rí lè wá sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, kó dárúkọ ìwé, yóò sì gbé e fún un. Kò ní bèèrè ọmọ ẹni tó jẹ́, kò sì ní lọ gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí Ahmad Baba wá ìwé gírámà lọ, ńṣe ni bàbá tú gbogbo ìwé ilé rẹ̀ wò, tó sì kó gbogbo èyí tó rí fún un.

Báyìí ni púpọ̀ nínú àwọn ìwé náà ṣe sọnù. Ó yẹ ká ro èyí dáadáa. Kì í ṣe iná tàbí ikán ló jẹ wọ́n. Àwọn tó yá wọn ni kò dá wọn padà. Bàbá fi tirẹ̀ ṣe sàdáákà nítorí Ọlọ́hun, ẹ̀san rẹ̀ sì ń bẹ lọ́dọ̀ Ọlọ́hun. Ṣùgbọ́n ọrùn ẹni tó jẹ àmánà rẹ̀ mọ́lẹ̀ ńkọ́?

Ní 1591, ọmọ ogun Mòrókò ṣẹ́gun Songhay. Ní 1593, wọ́n mú àwọn ààfáà Timbuktu, wọ́n sì kó wọn ní ìgbèkùn lọ sí Marrakesh. Ahmad Baba wà lára wọn, ìwé 1,600 ló sì bá ogun náà lọ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní 1594, Baghayogho jáde láyé. Ẹ wo ọ̀nà méjì tí ìwé gbà kúrò nílé onímọ̀ méjì: ogun kó ti akẹ́kọ̀ọ́ lọ, ọ̀gá sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ pín tirẹ̀. Àmọ́ ìmọ̀ tí ọ̀gá ti fi sínú akẹ́kọ̀ọ́, ogun kò rí i kó. Marrakesh náà ni Ahmad Baba ti jókòó, tí àwọn ará ibẹ̀ ń wá kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, kó tó padà sílé ní 1608.

Bẹ́ẹ̀ náà ni nígbà tí àwọn agbébọn gba Timbuktu ní 2012, tí wọ́n sì dáná sun díẹ̀ nínú àwọn ìwé àtijọ́ ní oṣù kìíní ọdún 2013. Àwọn olùtọ́jú ìwé ti rọra kó èyí tó pọ̀ jù lọ pamọ́ sá lọ sí Bamako.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, àwọn bàbá wa ààfáà ilẹ̀ Ẹ̀gbá ń fi ìwé sílẹ̀ lọ. Àpótí òmíràn wà tí wọn kò ṣí láti ọjọ́ tí olówó rẹ̀ ti kú. Ẹ jẹ́ ká gbọn eruku orí wọn nù, ká da ohun tó wà nínú wọn kọ, ká sì jẹ́ kí ẹlòmíràn rí wọn kà. Ìwé ẹlòmíràn tó wà ní yàrá wa ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká dá a padà lọ́sẹ̀ yìí, ká tó lọ yá òmíràn.

Kí Ọlọ́hun kẹ́ Muhammad Baghayogho, kó sì jẹ́ kí ìmọ̀ wa wúlò fún aráyé. Àmín.